Ọrùn Mórẹ́nikẹ́

Ọmọ náà kò kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ á ti máa sáré ṣáájú mi. Mórẹ́nikẹ́ wà níbẹ̀ yẹn, ó ti di obìnrin, ó ń jẹ ìrẹsì, ó sì ti tan tẹlifíṣọ̀n sókè débi pé ṣe ni mò ń pariwo bí mo ṣe ń rojọ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ọrùn rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ já ní Houston, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

Èmi, láti kékeré ni ọwọ́ mi ti yá. Nílé wa ní Iléṣà, bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ń sunkún bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi, bàbá mi kì í wádìí, orúkọ mi ló máa kọ́kọ́ pè. Mo lu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo lu ọmọ tíṣà. Nígbà tí mo bí Mórẹ́nikẹ́, tí obìnrin kan ládùúgbò sọ pé ojú ọmọ náà jọ ojú dìndìnrìn, mo da omi ìfọṣọ lé e lórí, mo sì ju abọ́ náà tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Mo rò pé bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi ti wà ní Houston kí n tó bí i. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní àdúgbò Third Ward, inú lẹ́tà la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo kọ̀wé sí i pé ọmọ náà lọ́ra díẹ̀. Gbogbo fótò tí mo fi ránṣẹ́, mo rí i dájú pé fìlà bo iwájú orí rẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ ló sì ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a dé. Bàbá rẹ̀ wá pàdé wa ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbé e sókè, ó wò ó lójú, ó wo ahọ́n tó yọ síta, ó wo èmi náà, ó sì rọra gbé e padà sílẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ó fa àpótí wa, ó ṣáájú. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí a bá jọ lọ, iwájú ló máa ń wà. Nínú mọ́ọ̀lù tó tutù bí inú fìríìjì, èmi àti ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìlú òyìnbó rọrùn, pé ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé, ọkùnrin kan yìnbọn fún ọkùnrin mìíràn nínú àgbàlá apátímẹ́ǹtì wa nítorí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi ara bo ọmọ, mò ń pe Jésù. Nígbà tí mo fi máa yọjú, ọlọ́pàá ti tẹ ẹnì kan mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n ń da omi sí ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, obìnrin tó ń gbé lókè wa sì ti padà sídìí adìyẹ tó ń dín. Òórùn adìyẹ náà ń gba ojú fèrèsé wọlé wá. Mo ní kí ọkọ mi kó wa padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ní, "Nítorí ìbọn ẹyọ kan?"

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọmọ inú ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lu Mórẹ́nikẹ́. Mo sá tẹ̀ lé wọn, mo mú ọ̀kan, mo nà án dáadáa. Àṣé ọmọ obìnrin aládìyẹ ni. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àwa méjèèjì wọ̀yá ìjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdalẹ̀nù, ó fa irun mi tu, mo gé e níka jẹ. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ pé obìnrin yìí ló di ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà? Ọjọ́ kẹta ìjà, ó gbé kéèkì wá pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ẹni tó lè jà fún ọmọ. Mo jẹ kéèkì náà tán, orí mi sì wú. Mo ní, ìlú yìí náà á gbà mí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, à ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dàrú rárá. Bí mo bá ti fẹ́ wọ ṣòkòtò fún un, ẹ̀ṣẹ́ ni. Ó máa ń pè mí lórúkọ tí mi ò ní tún sọ. Lọ́jọ́ kan ó gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan sì mì. Mo ti na ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ti wọn ibi tí yóò bà lára rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá wa, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó fìrìgbọ̀n, di ọwọ́ náà mú látẹ̀yìn.

Ó ní, "Ará ilé, níbí, bí o bá lù wọ́n padà, ẹ̀wọ̀n lò ń lọ. Ki ọwọ́ rẹ bọ àpò."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí kò lè mọ bí ọwọ́ ṣe ń yún èèyàn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó bá ń lọ sílé. Màá délé, màá máa gbá ìkòkò mọ́ sítóòfù. Màá wá ìjà ọkọ mi, òun náà kì í sì í sá fún un. Bí Mórẹ́nikẹ́ bá da mílíìkì nù, màá gbá a lọ́wọ́. Bó bá tún dà á nù, màá gbá a létí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn, ta ló kú? Ọmọ náà á sunkún díẹ̀, á tún wá dì mọ́ mi lórúnkún, á máa pe "Mọ́mì, Mọ́mì," èmi náà á gbé e, ọ̀rọ̀ tán. Kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń bínú pẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ibi tí a ti ń padà di ọmọ èèyàn. Ìjọ aláṣọ funfun ni, inú ilé onípákó kan ní Third Ward, yàrá méjì tí wọ́n wó ògiri àárín wọn. A ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó wọ sùtánà, tùràrí á máa rú, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi wá bóyá orí igi là ń gbé nílé. Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, mo máa ń gbàgbé fíríwéè, títì ńlá tó ń hó lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa náà kò mọ ohun tí wọn yóò fi Mórẹ́nikẹ́ ṣe. Àwọn aboyún kì í jẹ́ kó fara kàn wọ́n. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á sì rọra sún ìjókòó.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀mí gbé obìnrin kan níwájú pẹpẹ. Ó ń pòòyì, ó ń gbọn orí bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù. Mórẹ́nikẹ́ yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró tì í, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí tirẹ̀. Ó ń gbọ̀n ọ́n síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, orí náà ń lọ gbirigbiri bí ẹni pé kò sí eegun lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ń sọ èdè tirẹ̀, èyí tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní "omi," ó ní "Dádì," ó ní "wá." Wòlíì wa dìde lórí àga. Wọ́n ní kí akọ̀wé mú bíírò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi ń bọ̀, kí àwọn bàbá inú ìjọ fi ara wọn sádùúrà.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an, òjò rọ̀, omi sì kún Third Ward dé agbedeméjì táyà mọ́tò. Òjò tó jẹ́ pé ojúmọ́ kan kì í mọ́ kó má fẹ́ rọ̀ ní Houston! Òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ mi, ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ kó fún òun lómi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Wòlíì ní, "Aríran lẹ bí yìí o."

Ẹ wá wo ayé. Àwọn aboyún tí wọ́n ń sá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn. Wọ́n rán sùtánà tuntun fún un, wọ́n fi sátíìnì aláwọ̀ búlúù ṣe ìgbátí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè é jáde, òun náà á sì gbọn orí dọ́ba. Ọjọ́ kìíní tí ọkọ mi gbé e lé èjìká láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ìdí ọkọ̀, mo dúró sẹ́yìn, mo díbọ́n pé mò ń wá bàtà mi, nítorí omijé. Ọkùnrin tó ti ń fi ẹ̀yìn hàn wá láti ọdún mẹ́ta! Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ọmọ mi rèé. Èmi ni bàbá rẹ̀."

Oṣù kejì ìyẹn ni ìwé dé láti iléèwé. Tíṣà rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ jọ fún eré ìdárayá. Ó kọ̀wé pé àwọn dókítà ti ń ṣàkíyèsí pé eegun ọrùn máa ń dẹ̀ lára àwọn ọmọ kan tó ní Down syndrome, orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n bí mọ́ Mórẹ́nikẹ́ nìyẹn. Kí ó tó lè takìtì pẹ̀lú àwọn yòókù, kí a lọ ya ẹ́síréè ọrùn rẹ̀. Èmi nìkan ni mo gbé e lọ. Wọ́n ní kó tẹrí ba, wọ́n yà á. Wọ́n ní kó gbójú sókè, wọ́n yà á. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé fótò ni.

Dókítà jẹ́ òyìnbó gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó gbé àwòrán náà mọ́ iná. Ó fi bíírò tọ́ka sí eegun kìíní lábẹ́ agbárí, ó tọ́ka sí èkejì. Ó ní iṣan ló yẹ kó so méjèèjì pọ̀ pinpin, pé ti ọmọ mi dẹ̀, èyí òkè ń yọ̀ lórí èyí ìsàlẹ̀. Àárín wọn sì ni okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbà kọjá.

Ó ní, "Kò gbọdọ̀ takìtì. Kò gbọdọ̀ fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò gbọdọ̀ gbọn orí. Ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun gbá a lórí tàbí lọ́rùn. Bó bá ń kọsẹ̀, bó bá ń tọ̀ sára, bó bá ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀."

Mo ní, "Bó bá wá gbọn orí ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Màdáámù, ó lè má rìn mọ́. Ó sì lè má mí mọ́."

Mo ká ìwé náà, mo kì í bọ abẹ́ àpò ìrẹsì. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sọ fún ọkọ mi. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mò ń ra ọjọ́ Ìsinmi kan sí i fún ọmọ mi lórí èjìká bàbá rẹ̀, mo sì ń fi ọrùn rẹ̀ rà á. Mo wé síkáàfù mọ́ ọn lọ́rùn nípọn. Bí wọ́n bá pè é jáde, màá ní òtútù ń mú un. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá dúró tì í, màá di orí rẹ̀ mú bí ẹni ń gbàdúrà lé e. Àwọn ará ìjọ ní mo ti ń jowú ẹ̀bùn ọmọ.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Nígbà náà, èèyàn á ti fi lẹ́tà dá ọjọ́, ìyá mi á wọkọ̀ lọ jókòó sí ọ́fíìsì tẹlifóònù láti àárọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ bóyá yóò wọlé. Ó wọlé lọ́jọ́ náà. Mo kígbe gbogbo rẹ̀ sínú fóònù: eegun, okùn, ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé abẹ́ ìrẹsì.

Ìyá mi ní, "Sọ fún ọkọ rẹ lónìí. Ṣé o gbọ́? Lónìí."

Mo ní, "Màá sọ, Mààmi."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ṣe kí ni?"

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń gbá ọmọ yẹn létí?"

Ooru gorí mi. Mo ní ṣé mo sọdá òkun wá kí ẹ lè máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ ni, pé ta ló kọ́ mi ní lílù bí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Mo pa fóònù mọ́ ìyá mi létí. Ìyá tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Ohùn rẹ̀ tí mo gé sí méjì yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mórẹ́nikẹ́ kọsẹ̀ nígbà méjì lórí kápẹ́ẹ̀tì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tọ̀ sára ní kíláàsì, ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìyẹn tipẹ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo rí i níwájú díńgí, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì bí adìyẹ tó ń wo àwòdì. Mo fa ìwé jáde lábẹ́ ìrẹsì, mo gbé e fún ọkọ mi, mo ní ọmọ kò ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọsibítù ló ń lọ. Ó kà á lórí ìdúró. Ó rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá di òní tí àlejò ń bọ̀ láti Dallas wá wo ọmọ mi." Kò gbà á gbọ́. Ó ní owú ló ń jẹ mí, pé àwọn òyìnbó ló ń fi ìwé dẹ́rù bà wá. Ó gbé ọmọ sínú ọkọ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wọlé tẹ̀ lé wọn.

Àwọn àlejò ti kún yàrá. Wòlíì pe Mórẹ́nikẹ́ jáde, mo dì í mú. Ọkọ mi fa ọwọ́ ọ̀tún, èmi fa ti òsì. Mo pariwo pé, "Ẹ ó pa á! Ọrùn rẹ̀ ti dẹ̀, dókítà ní yóò kú!" Wòlíì ní kí ìjọ máa kọrin, pé ẹ̀mí kan ló ń bá mi jà. Wọ́n na ọwọ́ sí orí ọmọ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gba agogo lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Mo fi lu Wòlíì láyà, wọ́n ṣubú lu àbẹ́là. Obìnrin méjì so mọ́ mi lẹ́yìn, mo gbọ̀n wọ́n dànù, sùtánà mi ya dé ìbàdí. Mo gbá ọmọ mọ́ra, mo gbé e jáde láìwọ bàtà sórí ọ̀dà tó ń jó bí iná, mo sì ń sunkún, inú mi sì ń dùn. Mo ti gbà á sílẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ sínú irun rẹ̀: "Mo ti gbà ọ́ sílẹ̀."

Ọkọ mi wa ọkọ̀ wá bá wa; mo ní ọsibítù, ilé ló gbé wa lọ. Ìgbà tó ti ilẹ̀kùn ilé tán ló fọ́ mi létí, àkọ́kọ́, ìkejì. Ó ní mo ti bà á jẹ́ lójú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Texas. Mo mú ọmọrogùn, mo là á mọ́ ọn léjìká. Ó gbá mi mọ́ ògiri, mo gé e jẹ, àwo ń fọ́. Mo ń pariwo pé, "Ìwọ! Ìwọ tó ń tijú ọmọ rẹ ní mọ́ọ̀lù!" Òun náà ń pariwo tirẹ̀.

Mórẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó ń gbọ̀n, ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo bàbá rẹ̀. Ó wá ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ tó máa ń mú kí inú gbogbo wa dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, wò ó! Mọ́mì, wò ó!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí.

Mo ní, "Dúró!" Kò dúró. "Mórẹ́nikẹ́, mo ní kí o dúró!" Ó ń gbọ̀n ọ́n lọ, ó ń fi ojú wá ẹ̀rín lójú wa. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù náà fi di ìbínú, mo fo orí àfọ́kù àwo, mo na ọwọ́ yìí, mo sì gbá a lẹ́yìn ọrùn.

Mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó wó lulẹ̀ ní ibi tó dúró sí, kò fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ ró. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí. Ó fẹ́ dìde wá dì mọ́ mi lórúnkún bó ṣe máa ń ṣe, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́, ọwọ́ kò gbọ́. Ó pe "Mọ́mì," ohùn náà kéré gan-an. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó fẹ́ gbé e. Mo lọgun pé kó má fọwọ́ kàn án. Obìnrin aládìyẹ òkè ti ń gbá ilẹ̀kùn, òun ló pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn.

Ní ọsibítù, wọ́n fi àpò iyanrìn há a lórí lọ́tùn-ún lósì. Dókítà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn náà ló wá. Ó bá wa ní kọ́rídọ̀, sùtánà mi ṣì ya, ètè ọkọ mi ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Ó ṣubú."

Dókítà ní, "Mo fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Mo gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá nǹkan gbá a, àti apá ibi tó ti wá, nítorí bí a ṣe máa gbé orí rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá gbé e sódì, okùn yẹn lè já pátápátá."

Ọkọ mi yíjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín kí òyìnbó má bàa fura: "Sọ pé ó ṣubú. Bí o bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wa. O ò ní rí i mọ́."

Òótọ́ ló sọ, mo sì mọ̀. Ojú mi lọ sí ọwọ́ mi. Láyé mi, mi ò tíì jẹ́wọ́ ìlù kankan rí. Ẹni tí mo bá lù ló máa ń jẹ̀bi. Mo yí ẹ̀yìn sí dókítà, mo gbé irun mi sókè, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sí ẹ̀yìn ọrùn ara mi níbi tó ti bà á. Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni mo lù ú. Láti òkè wá, ó lọ síwájú. Báyìí." Mo tún un ṣe fún un lẹ́ẹ̀mejì, kó lè rí i dáadáa. Ó sáré wọlé. Ọkọ mi tutọ́ sílẹ̀.

Wọ́n gé eegun díẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀, wọ́n fi wáyà so eegun ọrùn méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi adé irin dé e lórí, ìṣó mẹ́rin tí wọ́n yí wọ agbárí, pẹ̀lú ọ̀pá irin tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, kí orí náà má bàa mì rárá fún oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà ni ìka ẹsẹ̀ kan mì. Títí di òní ó ń tiro, kò lè de bọ́tìnì kékeré, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Dókítà ní ohun tí mo sọ ní kọ́rídọ̀ yẹn ràn wọ́n lọ́wọ́. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí?

Obìnrin ìjọba kan wá, ó ní fáìlì lọ́wọ́. Wọ́n ní láti ọsibítù, ilé alágbàtọ́ kan ní ìlú Humble ni ọmọ náà yóò lọ títí wọn yóò fi rí ẹ̀rí pé mo ti yí padà. Ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n fi rí ẹ̀rí náà. Ọkọ mi kó jáde. Àwọn ará ìjọ kò kí mi mọ́. Wọ́n ní mo fi ọmọ aríran lé òyìnbó lọ́wọ́. Mò ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe tèmi, láàárín àwọn èèyàn mi tí kò fẹ́ rí mi, iṣẹ́ tí mò ń jí lọ lójoojúmọ́ sì ni pé kí wọ́n máa lù mí kí n má lù wọ́n padà. Mo rò ó pé kí n padà sí Iléṣà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ mi bá wà ni ilé mi, Humble ló sì wà. Mo pe ìyá mi, mo jẹ́wọ́ fún un, mo ń dúró de èébú. Mò ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn nínú ọ́fíìsì tẹlifóònù. Ìyá mi wá ní, "Ṣé ó ń jẹun?"

Kó tó lọ sí Humble rárá, ní ọsibítù, ọjọ́ kẹsàn-án iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i. Obìnrin ìjọba jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Wọ́n ti gbé Mórẹ́nikẹ́ jókòó, adé irin yí i lórí ká, ó ń wo iwájú gan-an nítorí kò sí ibòmíràn tó lè wò. Nígbà tí mo bọ́ sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì." Itọ́ dà sí i lágbọ̀n. Mo yọ háńkáṣíìfù, mo gbé ọwọ́ mi sókè láti nù ún.

Kò lè yẹrí. Kò lè fà sẹ́yìn. Ó kàn di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó sì ń dúró dè é.